Rọ́bà Tó Wọ Ààrò Búrẹ́dì

Ilé wa,
Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bíréèkì,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Èèpo mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ-ọmọ mi tí eyín rẹ̀ ń yọ. Ṣé ara yín le? Ṣé ikọ́ tó ń bá ọ jà nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn ti gbọ́ràn, ó ti lọ? Bí kò bá tíì lọ, máa mu omi gbígbóná, má sì sọ fún mi pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí o ráyè gbé omi kaná. Àwa níhìn-ín ń jí, à ń jẹ, à ń jà díẹ̀, a sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìjà. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dún bí ìlẹ̀kùn àtijọ́, àmọ́ wọ́n ní orúnkún àwọn kọ́ ló ń dún, bàtà ni.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìkíni lò ń wá nínú lẹ́tà yìí. Ìdáhùn lò ń wá. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi ṣèlérí pé bí iṣẹ́ tuntun tí mo dáwọ́ lé yìí bá fi lè bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, n ó palẹ̀ ẹrù mi mọ́, n ó sì máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, nínú yàrá tí o ti kùn sílẹ̀ dè mí, tí o sì ti fi aṣọ sí fèrèsé rẹ̀. Ó dáa. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti dé, ó sì bàjẹ́. Ṣe sùúrù o, má tíì sáré lọ ra bẹ́ẹ̀dì. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí tí n ò bá rò ó, bàbá rẹ á rò ó fún ọ lórí fóònù, wọ́n á sì fi epo sí i, wọ́n á fi iyọ̀ sí i.

O rántí pé nígbà tí a ti ilé búrẹ́dì pa, ohun gbogbo ló ríbi gbà lọ àfi ààrò. Àwọn agolo lọ, àwọn tábìlì lọ, ẹ̀rọ ìpo ìyẹ̀fun náà lọ. Àwọn tó wá wo ààrò ní ó ti dàgbà jù. Mo ní èmi náà ti dàgbà, ẹnì kan ò sì tíì gbé mi sórí àtẹ. Bó ṣe dúró sẹ́yìnkùlé nìyẹn, tí èmi náà dúró tì í, tí a jọ ń wo ara wa. Ọdún méjìlélógún tí èèyàn fi jí lójoojúmọ́ láti lọ tan nǹkan, kì í ṣe ọjọ́ kan ló máa gbàgbé rẹ̀. Mo máa ń jí, n ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, n ò ní mọ ohun tí n ó fi ọwọ́ mi ṣe. N kò sọ èyí fún ọ rí, kí o má bàa sọ pé, “Ṣebí mo ti wí.”

Ọkùnrin tó ń kun irin bẹ́ẹ̀dì ní òpópónà kejì ló là mí lójú. Mo lọ kí i, mo rí i tó ń fẹ́ ọ̀dà tí kò ní omi nínú, lẹ́búlẹ́bú bí ìyẹ̀fun, sára irin. Mo ní, “Ẹ̀yin náà ń ṣe búrẹ́dì ni?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní iná mànàmáná ló ń mú kí lẹ́búlẹ́bú náà lẹ̀ mọ́ irin, pé tó bá ti lẹ̀ tán, inú ààrò ló ń lọ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, á yọ́, á ṣàn, á sì di awọ kan tí òkúta ò ní tètè họ. Nígbà tó dárúkọ ooru tó ń lò, mo fọwọ́ lu itan mi. Ooru búrẹ́dì mi gan-an ni! Oṣù mẹ́ta ni mo fi lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, èmi ìyá àgbà, láàárín àwọn irin bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà náà, oúnjẹ kankan kò tún wọ inú ààrò wa, kò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́ láyé.

Bàbá rẹ kò bínú sí i, wọn kò sì yọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí mo ní kálípà bíréèkì ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi aṣọ nu ọwọ́ wọn pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. (Ọkọ rẹ akọ̀wé lè máa bá ọ ka lẹ́tà yìí, nítorí náà jẹ́ kí n ṣàlàyé fún un: kálípà ni irin tó ń gbá díìsì ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Ìwọ kò nílò àlàyé, àárín wọn lo ti kọ́ ìrìn ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ.) Wọ́n ní, “Ìyá Èèpo, ta ló ń wo bíréèkì? Ẹsẹ̀ ló ń mọ bíréèkì tó dáa, kì í ṣe ojú.” Mo ní ẹni tó bá fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀ á wò ó. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni mo ka ibi tí o ti kọ nípa yàrá náà sí wọn létí. Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, “Tí o bá fẹ́ lọ, lọ.” Èèpo mi, ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. O mọ̀ pé bàbá rẹ kò lè fi ṣọ́ọ̀bù wọn sílẹ̀. Bí mo bá ń bọ̀, èmi nìkan ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí a ti fẹ́ra, gbólóhùn tí wọ́n rí sọ nìyẹn.

Oníbàárà àkọ́kọ́ mi ni agbẹ̀bí tó ń gbé nítòsí ilé ìfowópamọ́. Bóyá o mọ̀ ọ́n: ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń yára sọ̀rọ̀, ó sì máa ń yára rìn. Ọkọ̀ rẹ̀ kékeré aláwọ̀ eérú ti pé ọdún mẹ́sàn-án, ìpẹtà sì ti bo kálípà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo bi í léèrè àwọ̀ tó fẹ́. Ó ní pupa ni. Mo ní pupa ò pọ̀ jù fún agbẹ̀bí? Ó ní, “Màmá, gbogbo pupa tí mò ń rí lójúmọ́, èmi náà ni mo máa fọ̀ ọ́. Ẹ fún mi ní pupa kan tí n ò ní fọ̀.” A rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wá.

Bàbá rẹ ló tú kálípà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n gbé ọkọ̀ náà sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n to àwọn kálípà sórí tábìlì mi, wọ́n ní, “Máa fọ̀ wọ́n ná. Mo fẹ́ lọ wo ẹ̀gbọ́n mi tó fẹsẹ̀ rọ́, mò ń bọ̀ lọ́túnla.” Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Wọn kò ní kí n má fọwọ́ kan inú rẹ̀, wọn kò sì ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo fọ̀ wọ́n. Mo fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ yanrìn họ ìpẹtà ara méjì iwájú títí wọ́n fi mọ́ bí abọ́. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n dúró. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ọwọ́ mi. Bí iṣẹ́ bá wà níwájú rẹ̀, kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.

Má rò pé n kò ronú. Mo rí rọ́bà tó wà nínú kálípà yí písítìn ká, ìyẹn irin roboto tó ń yọ síwájú bí a bá tẹ bíréèkì, èyí tí kì í jẹ́ kí òróró bíréèkì jò. Mo bi ara mi pé ṣé rọ́bà á lè fara da ooru? Bí mo ti ń rò ó lọ́wọ́, ojú mi bọ́ sára ìlẹ̀kùn ààrò. Ṣé o rántí rọ́bà dúdú tó yí etí ìlẹ̀kùn náà ká, tí o máa ń fi ìka fà nígbà tí o wà ní kékeré, tí mo máa ń gbá ọ lọ́wọ́? Ọdún méjìlélógún ló fi wà níbẹ̀, nínú ooru yẹn kan náà, kò yọ́, kò sì là. Mo ní ṣebí rọ́bà ni rọ́bà. Mo fi téèpù dí ojú àwọn ihò, mo fẹ́ ọ̀dà pupa sí kálípà méjèèjì, mo so wọ́n rọ̀ sínú ààrò, mo ti ìlẹ̀kùn pa.

Yéè, Èèpo, ì bá dára kí o wà níbẹ̀ nígbà tí mo ṣí i! Pupa náà ń dán, ó rọ̀ mọ́ gbogbo kọ̀rọ̀ irin náà, kò sí ibi tó dà jọ, kò sí ibi tó fẹ́lẹ́ jù. Mo jó yí tábìlì ká, èmi nìkan. Nígbà tí wọ́n tutù débi tí mo lè fọwọ́ kàn wọ́n, mo ṣe ohun tí mo ti ń ṣe láti ìgbà èwe mi: mo ti àtàǹpàkò bọ ẹ̀gbẹ́ rọ́bà náà, mo tẹ̀ ẹ́. O mọ̀ pé búrẹ́dì tó jinná dáadáa, bí o bá tẹ̀ ẹ́, á wọlé, á sì dìde padà. Rọ́bà náà wọlé, ó dìde padà. Mo ní ó tán, kò sí ohun tó ṣe é, a ò ní pààrọ̀ ẹyọ kan.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni bàbá rẹ dé, ó ku ọjọ́ kan kí ọjọ́ tí wọ́n dá pé. Wọ́n dúró níwájú tábìlì, wọ́n yọ fìlà. Wọ́n ní, “Ó rẹwà o.” Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn. Wọ́n wá bi mí pé, “Rọ́bà inú rẹ̀ ńkọ́?” Mo ní ó wà nínú rẹ̀, mo sì ti tẹ̀ ẹ́ wò, ó ṣì rọ̀. Bàbá rẹ fa àpótí, wọ́n jókòó. Mo sọ ti rọ́bà ìlẹ̀kùn fún wọn, mo sọ ti ọdún méjìlélógún. Wọn kò jiyàn. Wọ́n kàn ní, “Kò burú. Jẹ́ kó tutù dáadáa. Tó bá di àárọ̀, tún tẹ̀ ẹ́.” Ì bá sàn fún mi kí wọ́n pariwo mọ́ mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò tíì fọ ojú tí mo fi lọ tẹ̀ ẹ́. Àtàǹpàkò mi kò wọlé rárá. Ó le kokooko bí èèpo búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta. Ooru ló ń tàn mí jẹ lánàá, ooru ló fi rọ̀. Bàbá rẹ fi afẹ́fẹ́ ti písítìn jáde, ó kọ́kọ́ há, lẹ́yìn náà ló fò jáde pàá. Nígbà tí wọ́n fi igi tín-ín-rín yọ rọ́bà, ó ṣẹ́ sí méjì lójú mi. Ọ̀dà sì ti ṣàn wọ etí ihò písítìn lábẹ́ téèpù mi, ìyẹn ni pé pupa ẹlẹ́wà yẹn gan-an, a máa họ ọ́ dànù. Omi bọ́ lójú mi, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, mo díbọ́n pé eruku ni.

Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi. Rọ́bà ìlẹ̀kùn, nítorí ooru ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà kálípà, nítorí òróró bíréèkì ni wọ́n ṣe é, ooru ààrò kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ méjì ló sì ń ṣe. Ó ń di òróró mọ́nú, èyí ni mo mọ̀. Èkejì ni n kò mọ̀: bí a bá tẹ bíréèkì, tí písítìn bá yọ síwájú, rọ́bà náà á tẹ̀ lé e díẹ̀ láì jẹ́ kó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, bí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, á fà á padà sáyè rẹ̀. Wọ́n ní, “O rí i bí ìyá ṣe máa ń di ẹ̀yìn ẹ̀wù ọmọ tó ń kọ́ ìrìn mú? Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ọwọ́ yẹn bá gan, yálà kí ọmọ ṣubú, tàbí kí ó má lè rìn.” Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, èmi ìyàwó oníbíréèkì, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní, “Èmi náà jẹ̀bi. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ kì í dúró. Ó yẹ kí n ti tú inú wọn kí n tó lọ.”

Mo wọlé, mo fa àpótí aṣọ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. N kò ní purọ́ fún ọ, mo ti ká aṣọ mẹ́rin sínú rẹ̀. Ìlérí ni ìlérí, iṣẹ́ àkọ́kọ́ sì ti bàjẹ́. Ìgbà tí mo fẹ́ ká ìkarùn-ún ni mo wo ojú fèrèsé, tí mo rí ọkọ̀ agbẹ̀bí lórí búlọ́ọ̀kù, kò ní ẹsẹ̀ kankan nílẹ̀. Mo ní, ìwọ obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ gbé àpótí gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yìí kọjá? Mo ti àpótí padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní n ó parí ti agbẹ̀bí ná, kí n tó mọ ibi tí mò ń lọ.

Mo sọ òótọ́ fún agbẹ̀bí, n kò fi nǹkankan pamọ́. Kò bínú púpọ̀, ó kàn bi mí pé ọjọ́ mélòó. Mo ní ọjọ́ mẹ́rin. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn, bàbá rẹ àti èmi ṣiṣẹ́ lórí tábìlì kan náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wa. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń tú gbogbo inú kálípà: písítìn, rọ́bà tó ń di òróró, rọ́bà tó ń lé eruku, àti nọ́ọ̀tì kékeré tí à ń gbà fa afẹ́fẹ́ jáde. A họ àwọn tiwájú, a tún kùn wọ́n; a ò sì fi nǹkankan sílẹ̀ nínú àwọn tẹ̀yìn kí wọ́n tó wọ ààrò. Wọ́n ní òróró bíréèkì nìkan ni kí n máa fi pa rọ́bà tuntun kí n tó fi sáyè rẹ̀, pé gíríìsì lásán á mú un wú. Èmi náà kọ́ wọn ní ohun kan: mo fi hàn wọ́n bí a ṣe ń mọ̀ pé ooru ààrò dọ́gba lókè àti nísàlẹ̀. Wọ́n ní, “Hẹn-ẹn!” O mọ̀ pé bàbá rẹ kì í sọ “hẹn-ẹn” ní òfò.

Ọjọ́ kẹrin pé. Rọ́bà iwájú ti dé, mo ti fi wọ́n sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní ti ẹ̀yìn kò tíì dé, ó di ọjọ́ mẹ́rin míì. Agbẹ̀bí dé pẹ̀lú báàgì iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó rí rọ́bà ẹ̀yìn tí a yọ, tí kò wọ ààrò rárá, nínú abọ́. Ó mú ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Màmá, èyí ṣì dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn padà. Aboyún mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ yìí.” Mo wo bàbá rẹ. Bàbá rẹ ní, “Má wo ojú mi. Iṣẹ́ rẹ ni.”

Mo gba rọ́bà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tutù, ó sì rọ̀. Mo nà án sójú oòrùn, n kò rí ibi tó là. Gbogbo ara mi ń sọ pé dá a padà, kí obìnrin yìí lè máa lọ, kí iṣẹ́ yìí lè parí, kí ìtìjú yìí lè kúrò lọ́rùn mi. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà nínú òróró, pé mo ti tú u kúrò ní ibi tó ti mọ́ra, pé ojú mi kò sì lè rí inú rẹ̀. Àtàǹpàkò mi ti parọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ yẹn, n kò sì tíì dárí jì í. Mo ní, “Rárá o, ọmọ mi. A ti tú u, a máa pààrọ̀ rẹ̀. N kò ní dá èyí padà.” Agbẹ̀bí pòṣé. Ó ní, “Màmá, ẹ̀yin tí ẹ sun ti àkọ́kọ́ lẹ wá di ọ̀jọ̀gbọ́n rọ́bà?” Ọ̀rọ̀ náà gún mi, torí pé òótọ́ ni. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó sun ún ló mọ̀ ọ́n.” Ó gbé báàgì rẹ̀, ó yíjú padà. Mo ní ó parí, oníbàárà àkọ́kọ́ ti lọ, yàrá Èèpo ló kù.

Ǹjẹ́ o mọ ohun tí bàbá rẹ ṣe? Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wọn kúrò lára ìṣó, wọ́n tẹ̀ lé obìnrin náà dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, “Ibo la kọ́kọ́ ń lọ?” Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ń wa agbẹ̀bí kiri. Wọ́n á jókòó síta ilé onílé, wọ́n á máa ka ìwé ìròyìn àtijọ́, wọ́n á sì wá ròyìn fún mi nígbà tí wọ́n bá dé: “Ọmọbìnrin ni. Ó pariwo dáadáa.” Lẹ́yìn náà wọ́n á fọ ọwọ́ bí ẹni pé àwọn ni wọ́n gbẹ̀bí. Mo fi wọ́n ṣẹ̀sín títí, àmọ́ mo mọ̀ pé nítorí tèmi ni wọ́n ṣe ń ṣe é, wọn kò kàn ní fi ẹnu sọ ọ́.

Rọ́bà ẹ̀yìn dé ní ọjọ́ Ẹtì. Èmi ni mo pa á ní òróró, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ sínú ihò rẹ̀ yípo, èmi ni mo fi ọwọ́ ti písítìn wọlé títí ó fi jókòó. Bàbá rẹ dì í mú fún mi, wọn kò gba sípánà lọ́wọ́ mi. A fa afẹ́fẹ́ jáde nínú òróró, a dá ẹsẹ̀ ọkọ̀ padà. Bóyá àwọn àtijọ́ yẹn ì bá tún lo ọdún méjì sí i, n kò mọ̀, n kò sì fẹ́ mọ̀.

Èèpo, ṣé o rántí àga ẹlẹ́rìí? Òfin ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ ni, láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀: ọkọ̀ tí a bá tún bíréèkì rẹ̀ ṣe, kí ó tó padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín, bàbá rẹ á wà á sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tí táǹkì omi wà, ẹni tó bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níwájú. Á gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, kò gbọdọ̀ di nǹkankan mú. Wọ́n ní ẹni tó bá di nǹkan mú, iṣẹ́ rẹ̀ kò dá a lójú. Ìwọ ti rí ọ̀pọ̀ tó jókòó síbẹ̀, tí òógùn bò wọ́n. Èmi kò jókòó síbẹ̀ rí, torí kí ni iṣẹ́ búrẹ́dì fẹ́ wá débẹ̀ ṣe? Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, bàbá rẹ ṣí ìlẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ agbẹ̀bí, wọ́n dúró tì í. Mo ní ta lẹ̀ ń dúró dè? Wọ́n ní, “Ẹni tó ṣiṣẹ́.”

Agbẹ̀bí dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà nísàlẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí àyà. Àwa wà lókè. Mo gbé ọwọ́ lé itan. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ó ń yára, bàbá rẹ kò tẹ nǹkankan. Ìka mi fẹ́ dìde, mo bá a wí. Wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ọkọ̀ gbọ́ràn. Wọ́n fi í sílẹ̀, ọkọ̀ sáré, kò sí ohun tó ń fà á sẹ́yìn. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ó tún gbọ́ràn. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ dúró gbọn-in, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ọwọ́ mi wà lórí itan mi, Èèpo. Mo sọ̀kalẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ mi súnmọ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó gbóná ju èkejì lọ. Ní ti ooru, ẹnì kan ò lè tan ọwọ́ mi jẹ mọ́.

Mo padà wọlé, ṣùgbọ́n bàbá rẹ kò tan ọkọ̀. Wọ́n ń wo iwájú. Wọ́n ní, “Yàrá yẹn, ṣé afẹ́fẹ́ ń wọ ibẹ̀ dáadáa?” Mo ní ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ. Wọ́n ní, “Mo sọ ọ́. Inú ló ń bí mi. Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀dà yìí, ọ̀nà láti lọ ni o fi ń wá.” Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, “Ṣé o ṣì ń lọ?” Mo wo ọwọ́ mi lórí itan mi, pupa ọ̀dà ṣì wà lábẹ́ èékánná. Mo ní, “Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa jókòó síbí?” Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín, èyí tí wọ́n máa ń fi imú rín, wọ́n sì tan ọkọ̀.

Agbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yọjú wo pupa rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú sí ẹnu mi.” Mo ní ẹnu tó sọ òótọ́, ta ló ń bínú sí i? Ó ti rán dókítà eyín kan sí mi. Aláwọ̀ ewé ni tirẹ̀.

Ìdáhùn mi rèé o, ọmọ mi. N kò bọ̀ wá gbé. Má jẹ́ kó dùn ọ́, ìfẹ́ rẹ ni mo rí nínú yàrá yẹn, mo sì sunkún ayọ̀ lórí aṣọ fèrèsé yẹn ju bí mo ṣe sunkún lórí rọ́bà lọ. Mo mọ̀ pé mo bá ọ ṣèlérí, iṣẹ́ àkọ́kọ́ sì bàjẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo tún un ṣe. Jẹ́ kí ọmọ-ọmọ mi máa sùn síbẹ̀. N ó wá kí i fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí eyín rẹ̀ bá pé mẹ́fà, kó lè fi gé mi jẹ.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ ṣòfo. Kí ibi tí o bá ti fẹ́ dúró lè dúró fún ọ, kí ibi tí o bá sì ti fẹ́ lọ lè ṣí sílẹ̀. Kí ọkọ rẹ máa gbọ́ tìrẹ, kí ìwọ náà máa gbọ́ tirẹ̀, kí ẹ má fi ìbínú dákẹ́ síra yín. Kí ọmọ yín dàgbà ju yín lọ, kó sì máa rántí yín.

Èmi ni ìyá rẹ,
tó ń fi ààrò búrẹ́dì jẹun láìyan búrẹ́dì.

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀: Rọ́bà iwájú kan tó le ni mo dì sínú lẹ́tà yìí, èyí tó ṣẹ́ sí méjì. Èkejì rẹ̀ wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ààrò mi. Bàbá rẹ ní kí o tẹ tìrẹ, kí o wá lọ tẹ bíréèkì ọkọ̀ rẹ, kí o sì kọ̀wé ìgbà tí o pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀ kẹ́yìn. Tí o kò bá rántí ìgbà náà, wọ́n ní àwọn á ti ṣọ́ọ̀bù pa, àwọn á bá mi wá fún ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Kí ọkọ rẹ wá òkè kan sílẹ̀ o. Wọ́n ní àwọn ni wọ́n máa wa ọkọ̀, mo sì mọ ibi tí èmi máa jókòó.